Ẹni Tó Ń So Yìgì fún Òdòdó ní Olódì

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ààfáà tó ń ṣe wáàsí sọ pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọn kì í bá ará àdúgbò jà, wọn kì í sì í fọwọ́ kan ohun olóhun. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn àti ilé wa níyà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ títí tí wọ́n fi gbé omi fún wọn. Àlejò ni ààfáà yẹn, ẹ má bá a wí. Kò bá Màmá Àgbà gbé ní Olódì-Àpápá.

Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó fi àlùjánnà ṣe ilé wọn. Àmọ́ èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà kò ní tìtorí pé wọ́n ti lọ kí n wá máa polówó ọjà tí kò sí nínú igbá. Ìyá bàbá mi máa ń jalè. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹran inú ìkòkò. Àtíkè ni wọ́n ń jí, ìyẹn ìyẹ̀fun tó máa ń wà láàárín òdòdó. Ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jí i, láàárọ̀, pẹ̀lú Bísímílláhì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ òdòdó yìí ṣe rí. Haibísíkọ́ọ̀sì ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Àpápá ń pè é, òdòdó ńlá pupa tí wọ́n fi máa ń ṣe ọgbà yí ilé àwọn òyìnbó ká láyé àtijọ́. Mọ̀lẹ́bí isápá ni, ṣùgbọ́n isápá ń wọ ọbẹ̀, eléyìí kò mọ̀ ju kó máa wu ojú lọ. Bàbá Àgbà, ọkọ Màmá Àgbà, ń ru ẹrù ní wáfù. Wọ́n ń wó ilé òyìnbó kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n lè rí ibi kó kọ̀ǹtéńà sí, Bàbá Àgbà bá gé igi òdòdó kan nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n mú un wálé fún ìyàwó wọn, wọ́n gbìn ín sínú agolo ọ̀dà. Bàbá Àgbà kú kí n tó gbọ́njú. Òdòdó náà kò kú. Màmá Àgbà wá sọ ọ́ ní Bàbá Ràfíù, nítorí Ràfíù ni orúkọ bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí wọn.

Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á lọ dúró níwájú rẹ̀. Wọn á sọ fún un pé epo ti gbówó lórí, pé Ràfíù kò tètè wọlé lánàá, pé eyín ń dun àwọn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Wọn kì í bínú, wọn á kàn pè mí ní oríkì mi. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí wọ́n wà láyé náà, wọn kì í dáhùn."

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò gan-an ni fífi òdòdó fún òdòdó. Ọ̀pá gígùn kan wà láàárín òdòdó yìí. Àtíkè wà lára ọ̀pá náà, orí rẹ̀ sì ní àwọn ojú kéékèèké. Bí àtíkè ọ̀kan bá kan ojú èkejì, tí orí bá ṣe é, yóò lóyún, yóò so èso, a ó gbin èso náà, òdòdó tó máa jáde kò sì ní jọ bàbá tán, kò ní jọ ìyá tán. Oyin àti labalábá ló yẹ kó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ìtòsí Málù Róòdù, pẹ̀lú gbogbo èéfín tírélà yẹn, oyin wo ló fẹ́ wá ṣe kí ni? Màmá Àgbà ní bí alárenà kò bá sí, ìyá ọkọ á dìde.

Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń nu etí, inú gèlè ni wọ́n sì ń kì í bọ̀. Àárọ̀ ni iṣẹ́ náà, torí òdòdó yìí kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Èyí tó tan láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ á ti rọ. Wọn á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí bí a ṣe ń ṣèwádìí ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ, wọn kì í gbà kí èyí tí kòkòrò funfun ti bá fínra rí wọ ìdílé wọn. Lẹ́yìn náà wọn á fi ìyẹ́ gba àtíkè ọkọ, wọn á fi kan ojú ìyàwó. Wọn á so òwú mọ́ ọn nídìí kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé abilékọ ni, wọn á fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bò ó lórí kí kòkòrò má baà wá da ọ̀rọ̀ rú. Wọn á ka Fátíà. Ó ti di yìgì nìyẹn. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá kò burú kí èèyàn máa ka Fátíà sórí òdòdó. Wọ́n ní, "Mo ti jókòó níbi yìgì tí ìyàwó ò fẹ́ ọkọ, tí ọkọ ò fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì ka Fátíà."

Ilé wa máa ń rùn. Mi ò ní purọ́. Omi tí a fi fọ ẹja, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ìrẹsì, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dànù, inú garawa kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ títí yóò fi di oúnjẹ òdòdó. Àlejò á wọlé, á ṣe imú kín-ń-kín, Màmá Àgbà á ní ẹni tí kò bá lè gbóòórùn oúnjẹ ọmọlọ́mọ kó má bí tirẹ̀.

Orúkọ èèyàn ni wọ́n ń sọ àwọn òdòdó yòókù tí àwọn yìgì náà ti bí sínú agolo. Ọ̀kan wà tó ń ga, tó ń fẹ̀, tó ń jẹ oúnjẹ gbogbo èyí tó kù, tí kò tan rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Alága, nítorí alága àwọn onílé àdúgbò wa. Alága gbọ́, ó sì wá béèrè ní tòótọ́. Màmá Àgbà fún un ní ìjókòó, wọ́n fún un ní omi, wọ́n wá mú un lọ síwájú òdòdó náà. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, Alága," wọ́n ní, "bóyá á gbọ́ tiyín."

Awakọ̀ tírélà kan tiẹ̀ wá páàkì sẹ́nu géètì wa lọ́jọ́ kan, ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, èéfín ń rọ́ lu òdòdó. Màmá Àgbà mú àga jáde, wọ́n gbé e síwájú táyà, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Ọkùnrin náà bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní, "Mama, abeg, na ordinary flower." Wọ́n ní, "Ordinary? Na your papa be ordinary." Ẹ̀wà yẹn kò tán lórí atẹ títí tí ó fi pa ẹ́ńjìnnì.

Ìjà tiwọn àti Ìyá Bọ́sẹ̀ wá nìyí. Ọdún tí Ìyá Bọ́sẹ̀ kó dé àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, sóbò tí wọ́n ń fi isápá sè ni wọ́n sì ń tà nígbà náà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí òdòdó pupa tó yọ orí kọjá ògiri wa. Wọ́n ní isápá ọ̀fẹ́ ti dé. Wọ́n já gbogbo èyí tí ọwọ́ wọn tó, àti èyí tó so òwú, àti èyí tó dé ọ̀rá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n sè é. Sóbò náà pọ́n lóòótọ́. Àmọ́ kò kan, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Àwọn ọmọ ilé ìwé mu ún, wọ́n tu ú dànù, wọ́n dá ike padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Bọ́sẹ̀ wá kan géètì wa. Ẹ má rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀ o. Wọ́n wá béèrè irú èèyàn tó ń gbin isápá tí kì í ṣe isápá. Màmá Àgbà, tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ àwọn abilékọ wọn láti àárọ̀, ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀ náà sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó se oyún inú olóyún. Èyí ní olè, ìyẹn ní ẹlẹ́tàn. Àwọn tó wá là wọ́n gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà.

Láti ìgbà náà wọ́n ń kí ara wọn, torí a kì í tìtorí ìjà fi ìkíni du èèyàn. Ṣùgbọ́n ata wà nínú ìkíni yẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ á yọjú lórí ògiri, wọn á ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ kú ọgbìn o. Ọbẹ̀ ti jinná?" Màmá Àgbà á ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ṣé ó ń yọ̀ lónìí?"

Kí Ìyá Bọ́sẹ̀ lè fi hàn pé òdòdó kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kan, wọ́n lọ ra tiwọn. Wọ́n sì mọ ọjà rà. Yẹ́lò ni, yẹ́lò bí inú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, wọ́n gbìn ín síwájú ilé wọn níbi tí Màmá Àgbà kò ti lè ṣe kí wọ́n má rí i. Màmá Àgbà wò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n gbé ìgbéraga wọn mì, wọ́n ránṣẹ́ pé kí Ìyá Bọ́sẹ̀ jọ̀ọ́ fún àwọn ní ẹ̀ka kan. Ìyá Bọ́sẹ̀ ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n lọ gbin isápá.

Ọjọ́ náà ni Màmá Àgbà pinnu pé Bàbá Ràfíù máa fẹ́ ìyàwó kejì, pé òdòdó yẹ́lò yẹn ni, pé ojú àwọn sì gbọ́dọ̀ rí ọmọ tí wọ́n máa bí. Bàbá mi ní ṣé bí èèyàn ṣe ń wá orogún fún ara rẹ̀ nìyí. Màmá Àgbà ní kí wọ́n dákẹ́. "Mi ò tọrọ ẹ̀ka mọ́," wọ́n ní. "Àtíkè kò lẹ́nu tó máa fi ké."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbọ́ pé ẹnì kan ṣàìsàn nílé Ìyá Bọ́sẹ̀, tàbí pé ọmọ kan yege ìdánwò, tàbí pé wọ́n mú iná padà fún wọn. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti ṣeé kí èèyàn fún. Wọn á wẹ̀, wọn á wé gèlè, wọn á ti ìyẹ́ bọ inú rẹ̀, wọn á mú mi dání. Wọn á fọwọ́ ti géètì Ìyá Bọ́sẹ̀, géètì á sì ṣí, kì í ní àgádágodo láàárọ̀ rí. Èmi rò pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ò bìkítà ni. Màmá Àgbà á dúró ti òdòdó náà, wọn á ní "Àgò o" lóhùn tí èkúté gan-an kò lè gbọ́. Ìyẹ́ á jáde, ìyẹ́ á padà sí gèlè. Ìgbà náà ni wọn á wá kígbe àgò gidi.

Ọjọ́ kan, Ìyá Bọ́sẹ̀ jáde kí ìyẹ́ tó padà wọ gèlè. Màmá Àgbà sáré dì mọ́ wọn gbàgì, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ẹ̀yìn kankan kò dun àwọn. "Ẹ ò rí i," ni Màmá Àgbà wí, "àdúà mi ti gbà nìyẹn." Nígbà tí wọ́n fi máa tú ara wọn sílẹ̀, àtíkè yẹ́lò ti wà nímú Màmá Àgbà, ó wà léjìká Ìyá Bọ́sẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ wo èjìká ara wọn, wọ́n wo imú yẹn. Wọ́n ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ kun àtíkè lónìí o." Màmá Àgbà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ ni."

Ọ̀pọ̀ nínú yìgì yẹn kò di oyún. Èyí tó di oyún, òmíràn já. Nígbà tí ọ̀kan wá gbó, a gbin èso rẹ̀, ewúrẹ́ wọlé jẹ gbogbo ohun tó hù, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni Màmá Àgbà fi ojú sí bí ọmọ tí wọ́n bí ní àbíkẹ́yìn. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní a kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó rí ojú rẹ̀. Ó tó ọdún kan àti díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìrudí, ìyẹn òdòdó tí kò tíì là. Ìrudí àkọ́kọ́ já bọ́. A rí i pé nítorí pé bàbá mi sún agolo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ìdí tí bàbá mi fi sún un ni pé kílíárínì, ìyẹn bíbá oníbàárà gba ẹrù jáde, ni iṣẹ́ tiwọn ní wáfù, gbogbo ibi tó bá tẹ́jú, tírélà ni wọ́n ń rí lórí rẹ̀. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ti fi iwájú ilé háyà fún àwọn onítírélà. Tiwa nìkan ló kún fún agolo ọ̀dà. Màmá Àgbà ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ yẹn mọ́, torí ìrudí rẹ̀ á já bí wọ́n bá ti gbé e kúrò lójú kan. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìṣísẹ̀ wọn wọn ilẹ̀ náà tí wọ́n bá rò pé a ò wò.

Nígbà tó yá, ọkàn Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Dókítà ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n gbé àga sójúde, wọ́n ń sinmi níwájú agolo yẹn. Ìrudí kejì náà já. Ìkẹta yọ, kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n fà mí mọ́ra lọ́jọ́ kan, ọwọ́ wọn tutù, ẹ̀rù sì bà mí.

"Bí mi ò bá rí i, kò burú," wọ́n ní, "mo ṣáà mọ bàbá rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i. Tó bá ti tan, má jẹ́ kó di ọ̀sán. Gbé e lọ bá wọn, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o sọ pé, Màmá Àgbà ní kí ẹ wá wo ọmọ yín."

Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀bẹ̀ ni mo ń gbé lọ tàbí èébú. Wọ́n di ojú, ẹnu wọn sì ń ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ojú wọn lo máa fi mọ̀."

Wọ́n kú kí ìrudí náà tó là. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé láti itẹ́, mo dúró síwájú agolo yẹn, inú bí mi sí i gan-an. Kí ló ń dúró dè? Mo bú u, mo sunkún, mo tún lọ bu omi ẹja wá fún un, torí kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé àdúà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi mú onítírélà kan wá wo iwájú ilé. Mo dúró láàárín àwọn agolo. Bàbá mi ní, "Òdòdó lo fẹ́ fi dá tírélà dúró?" Mo ní, "Dádì, ẹ̀wà ni Màmá fi dá a dúró." Bàbá mi wò mí, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n ní kó máa lọ ná. Ní àárọ̀ kejì mo jí, mo bá wọn nídìí agolo náà, wọ́n ń fi omi tó kù nínú kẹ́tù àlùwàlá bomi rin ín. Wọ́n ń sọ fún un pé dọ́là ti gbówó lórí. Mo rọra padà sẹ́yìn.

Ó tan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti múra ibi iṣẹ́ tán. Mo sáré sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn Màmá Àgbà, àárò wọn ń sọ mí títí di ìsìnyí, àmọ́ òdòdó yẹn kò rẹwà. Kò pupa, kò yẹ́lò. Àwọ̀ kọ̀ǹtéńà tó ti dípẹtà ló ní, etí rẹ̀ sì ká kò bí etí ìwé ọmọ ilé ìwé. Gbogbo olè jíjà láti ọdún yìí wá, òun nìyí. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Mo bọ́ bàtà iṣẹ́ mi, mo gbé agolo náà mọ́ àyà, mo fi èjìká ti géètì Ìyá Bọ́sẹ̀, ó ṣí.

Wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá Àgbà ní kí ẹ wá wo ọmọ yín."

Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yí òdòdó náà ká, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n wò ó lókè. Ojú wọn ni mo ń wò bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín dá.

"Ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń dì mọ́ mi láàárọ̀ kùtùkùtù nìyí?" Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Kí n tó gbàdúrà láàárọ̀ ni mo ti ń lọ ṣí géètì yẹn. Ìyá àgbà ẹ kò tiẹ̀ lọ́pọlọ olè. Olè gidi á bi ara rẹ̀ léèrè pé géètì ta ni kì í ní àgádágodo ní Olódì."

Wọ́n ní kí n dìde, kí n gbé agolo náà sún mọ́ òdòdó yẹ́lò wọn tó tan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n wá ti ọwọ́ bọ inú gèlè wọn, wọ́n fa ìyẹ́ adìyẹ kan yọ. Àtíkè ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Gbé e dúró dáadáa," ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí, "oòrùn ti ń mú. Kí o sì ka Fátíà tí wọ́n máa ń kà yẹn. Èmi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo máa ṣe àmín."

Mo gbé e dúró, mo kà á.